Àtẹ́lẹwọ́ Tántì

N kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pé mo ti dárí ji ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Nígbà tí àlùfáà bá ní kí a bọ ara wa lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń bọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi lọ́wọ́, mo máa ń bọ ẹni tó wà lápá òsì, ṣùgbọ́n bí obìnrin yẹn bá jókòó sẹ́yìn mi, n kì í yíjú. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ti ń lọ sílé ìwé báyìí, kò sì rántí nǹkan kan. Èmi ni mo ń bá a rántí.

Tántì ni gbogbo ilé ń pè é, bí a ṣe ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni lóbìnrin níbí, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ. Òun ni àkọ́bí bàbá ọkọ mi. Ó fi ọdún púpọ̀ ju ọkọ mi lọ, òun ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọkọ tirẹ̀ ti kú kí n tó wọ ilé wọn. Sódábì ló pa á, ọtí líle tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu, àti látìgbà náà ni Tántì ti búra níwájú ìjọ pé ọtí kò ní kan ẹnu òun mọ́ títí òun yóò fi kú. Ìbúra yìí buyì kún un gan-an. Ní àdúgbò wa ní ẹsẹ̀ òkè, ní Ìdáàṣà, bóyá la ó fi rí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan tí kì í ránṣẹ́ pè é láti wá wẹ ọmọ. Ó mọ ọmọ wẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀, yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí, títí ara ọmọ yóò fi máa dán bí àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àwọn ìyá a máa dúpẹ́, àwọn ìyá ìyá a máa súre fún un. Inú iyì yẹn ló ń gbé bí ẹja ṣe ń gbé inú omi.

Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, obìnrin, ìyá mi wá láti Soclogbo, ó sì dúró tì mí títí ọrùn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í le. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ọwọ́ ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí ebi bá pa á yóò ké, bí kò bá sì ké, àlàáfíà ló wà. Ní ọjọ́ kan mo ń ṣa ẹ̀pà ní àgbàlá, ọmọ wà lórí ẹní nínú ilé, ni ìyá mi bá pè mí pé ọmọ mi ń pè mí. Mo ní n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kí n wá wò ó. Mo bá ọmọ níbi tó ti ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, tó ń la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, ó sì ti ki ìkúùkù rẹ̀ kan bọ ẹnu.

Ìyá mi ní, “Ẹkún ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu ọmọ. Bó bá fi di pé ó ké, ó ti bá ọ sọ̀rọ̀ títí, o ò dá a lóhùn.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú gbọ́rọ̀ ọmọ mi. Bí oorun bá ń kùn ún, yóò máa fi etí ra èjìká mi, ojú rẹ̀ yóò sì lọ síbi tó jìnnà. Bí afẹ́fẹ́ bá há sí i nínú, yóò ká orúnkún mọ́ ikùn, yóò tú u, yóò tún un ká. Èyí tó máa ń pa ìyá mi lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn àlejò. Bí wọ́n bá ti bá ọmọ ṣeré tí ó tó o, yóò yí ojú sí ògiri, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń pè é, kò ní wò wọ́n mọ́, ìyá mi yóò sì sọ fún àlejò pé onílé ti ní kí ẹ máa lọ. Mo kọ́ láti dá a lóhùn kó tó di pé ó ké. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ mi kì í sunkún. Tántì nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní ọmọ tí a kò jẹ́ kó ké, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni, òun ti tọ́ ọmọ ju irun orí mi lọ, òun kò sì rí ibi tí ìyá ọmọ ti ń wo ọmọ lójú bí ẹni ń wo ojú ọ̀run nítorí òjò.

Ìyá mi padà sí Soclogbo nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀. Ọkọ mi, mọlémọlé ni, Parakou ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Èmi ń tajà lẹ́bàá títì ní Paouignan, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sókè ti máa ń dẹwọ́ eré. Gàrí àti ọsàn ni mò ń tà. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń rọra dúró, àwa obìnrin yóò sáré tò ó, a ó máa na ọjà sí àwọn èrò lójú fèrèsé kí dẹ́rẹ́bà tó tún tẹ̀ ẹ́ lọ. N kò lè máa sáré bẹ́ẹ̀ tọmọ tọmọ. Tántì fúnra rẹ̀ ló wá bá mi pé eruku àti èéfín yóò pa ọmọ, kí n máa fi í sílẹ̀ fún òun láàárọ̀, kí n máa wá gbà á bí mo bá dé lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ mo máa ń fún ọmú sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́, bí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ṣe kọ́ mi, mo máa ń dé e, mo sì máa ń gbé e lé Tántì lọ́wọ́. Agbẹ̀bí ti sọ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu ní gbogbo ìgbà yẹn, kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu àgbo. Mo sọ ọ́ fún Tántì. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Mo máa ń ti Paouignan dé, ọmú mi á ti le koko, n ó bá ọmọ lójú oorun, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. N ó fi ìka rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀. Yóò la ojú, ṣùgbọ́n ojú náà kò ní dúró lára mi, yóò yọ̀ kúrò. Mo sọ fún Tántì pé oorun yìí ń pọ̀ jù. Ó bi mí pé ọmọ ń mu, ọmọ ń sùn, kí ni mo tún ń wá.

Lẹ́yìn náà ni ti ọwọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ fi ọwọ́ nu itọ́ kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. Bí ọwọ́ mi ṣe ń bọ̀, ó fún ẹnu pọ̀ pinpin, ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì ya gbogbo ìka rẹ̀ bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Kò ké. Ó kàn ń wò mí. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ara rẹ̀ rọ̀. Mo tún gbé e dé, ó tún fún ẹnu pọ̀. Mo rò pé èmi ni ọmọ mi ń kọ̀.

Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe òmùgọ̀ kan, mo lọ sọ ọ́ fún Tántì. Níwájú àwọn obìnrin tó wá pọn omi ní kànga wa ló ti dá mi lóhùn. Ó ní òórùn èéfín ọkọ̀ ló wà lára mi, ọmọ sì mọ ẹni tó ń tọ́jú òun yàtọ̀ sí ẹni tó bí òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo lè tọ́ka sí wọn lónìí. Kò tíì tó o, ó pe ọkọ mi lórí fóònù. Ọkọ mi sì pè mí lálẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé ọmọ kò fẹ́ mi mọ́ nítorí pé títì ni mo fẹ́ràn jù, kí n ronú sí i. Mo bi í bóyá òun gbà bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní Tántì kò ṣì í rí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ.

Ìdákẹ́ yẹn ló là mí lójú. Mo ronú pé bí ọmọ mi bá kọ̀ mí, gbogbo ara mi ni yóò kọ̀, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ó ṣì ń rọ̀ mọ́ àyà mi, ó ṣì ń fi etí ra èjìká mi. Ní òwúrọ̀ kejì mo gbé e jókòó sórí itan mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ní èdè rẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún lẹ́nu, kò ṣe nǹkan kan. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Mo na ìka kan sí i, ó dì í mú, ó fẹ́ ki í bọ ẹnu. Ìgbà tí mo wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, tí mo ká a kòtò bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu, tí mo sì gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ni ẹnu pọ̀, ni àgbọ̀n lọ sáyà, ni ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yà. Mo gbé ọwọ́ sílẹ̀. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ ara mi títí. Ọwọ́ tó rí báyìí ti ṣe ọmọ mi ní nǹkan, kì í sì í ṣe ọwọ́ tèmi.

Mo gbé ọmọ fún Tántì bí ìṣe mi, mo gbé ọjà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Paouignan. Mo fi igbá gàrí lé ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń tajà lọ́wọ́, mo sì gun zẹ́mì padà lójú ẹsẹ̀, ọ̀kadà tó ń gbé èrò. Mo ní kí ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí Tántì má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Mo gba àárín àwọn àpáta gòkè, níbi tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sí lórí òkúta pẹrẹsẹ. Ilé dákẹ́. Mo ti fẹ́ máa bá ara mi wí pé mo ti ń di ẹlẹ́mìí ìfura, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí omi ń há ní ọ̀fun ìgò.

Tántì jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé. Ó tẹ́ ọmọ mi sórí itan, ó dojú rẹ̀ kọ ojú ọ̀run, ó fi ìgúnpá há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ yí ẹnu ọmọ ká bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún da omi dúdú kan sí i láti inú igbá kékeré. Nígbà tí ọmọ kò gbé e mì, ó fi àtàǹpàkò àti ìka dí i nímú. Gbogbo ohun tí ara ọmọ lè sọ ni ọmọ mi ń sọ. Àgbọ̀n rẹ̀ ń wá àyà. Ìka rẹ̀ yà sí òfúrufú. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá yà. Tántì ń kọrin jẹ́jẹ́.

Mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé apá mi, omi náà ti ẹnu rẹ̀ àti imú rẹ̀ jáde. Òórùn sódábì ló kọ́kọ́ lù mí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, bàbá mi a máa rẹ egbò igi sínú rẹ̀ fún ẹ̀yìn ríro. Tántì kò bú mi, kò sì bẹ̀ mí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ọkọ rẹ, Ìyàwó. Ṣé ó kú?”

Ó dìde, ó lọ da omi tó fi wẹ ọmọ nù lẹ́yìn ọgbà bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ní ìdúró yẹn ni ẹ̀san wọ inú mi tó sì jókòó. Mo mú ìgò òróró òfìfo kan, mo da èyí tó kù nínú igbá sínú rẹ̀, mo dé e pa, mo fi sábẹ́ ìró mi. Mo sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí gbóòórùn ẹnu ọmọ, ojú rẹ̀ le. Ó fi ọmọ sọ́dọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, títí ojú ọmọ fi tún dúró lára mi tí kò yọ̀ mọ́. Ó sọ fún mi pé ọmọ mìíràn ti gba bẹ́ẹ̀ dákẹ́, pé bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gba ọ̀nà èémí, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ó fẹ́ ránṣẹ́ pe Tántì wá kí òun bá a wí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, n kò kí ẹnikẹ́ni láyé mi bí mo ṣe kí Tántì. Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ lálẹ́. Mo bu àmàlà tẹlìbọ́ gbígbóná fún un kí n tó bu tèmi. Ọmọ nìkan ni n kò gbé sílẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí Paouignan, mo pọ̀n ọ́n padà. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó sì ti lọ fẹjọ́ mi sun bàbá ọkọ mi, pé mo já ọmọ gbà lọ́wọ́ òun bí ẹni já ẹran gbà lẹ́nu ajá, pé mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láti ba òun lórúkọ jẹ́. Òun ló ní kí wọ́n pe ìpàdé. Òun ló ní kí wọ́n pe ọkọ mi wálé. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, nítorí n kò mọ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ilé jókòó sábẹ́ igi máńgòrò Bàbá. Ọkọ mi ti dé láti Parakou, kò wò mí lójú. Tántì sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ bí òun ṣe pọn ọkọ mi, bí òun ṣe pàdánù ọkọ, bí ọmọ gbogbo òkè yìí ṣe gba ọwọ́ òun kọjá. Ó sunkún, ẹkún gidi, ojú àwọn tó jókòó náà sì ń kún fún omijé. Ó ní àgbo ìdílé ni òun fún ọmọ kí inú rẹ̀ lè dúró, kí oorun rẹ̀ lè dára, èmi sì sọ ọ́ di oró. Bàbá bi mí pé kí ni mo ní í sọ. Mo ní ọmọ mi ló ń sọ fún mi tipẹ́ pé òun kò fẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí kò tíì mọ ìyá yàtọ̀ sí bàbá kò lè jẹ́rìí nílé òun, kí n kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo ti gbé ìgò náà wá, àti igbá kékeré yẹn gan-an. Mo da àgbo sínú igbá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń gbé omi fún àlejò pàtàkì.

Mo ní, “Tántì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe mí ní oore yìí. Ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀, kí n lè mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ ni.”

Mo gbé igbá náà sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Mo rí i tí imú rẹ̀ hunjọ. Mo rí i tí ètè rẹ̀ pọ̀ mọ́ra pinpin. Ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, àwọn ìka rẹ̀ sì yà. N kò gbé igbá kúrò. Mo dúró bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ojú lè rí i dáadáa, mo sì yí orí sí bàbá ọkọ mi.

“Bàbá, ẹ dákun, kí ni Tántì ń sọ?”

Bàbá ní, “Ó ní òun ò mu.”

“Ṣé ó lanu, Bàbá?”

Bàbá wo ètè Tántì, ó ṣì pọ̀ mọ́ra.

Mo ní, “Bí ọmọ mi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láràárọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ ló wá dí i nímú.”

Bàbá na ọwọ́ gba igbá náà. Ó gbé e sí imú, ó sì wo ọmọbìnrin rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òun náà ló sin ọkọ ọmọbìnrin yẹn, kò lè ṣi òórùn sódábì mọ̀. Ó da àgbo náà sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún òun náà nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Bàbá wá ní láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ Tántì kò gbọdọ̀ kan ọmọ yẹn mọ́, ìpàdé sì tú. Ẹnikẹ́ni kò tún ní kí n bẹ̀bẹ̀.

Ọkọ mi bẹ̀ mí nínú yàrá. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí títí, n kò ràn án lọ́wọ́. Mo rán an létí ìdákẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ó pẹ́ kí ojú èmi àti òun tó tún pàdé.

Àwọn ará ilé rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn kò mọ̀ mí. Lára ọmọ tèmi nìkan ni Bàbá ti fa ọwọ́ Tántì sẹ́yìn, ọmọ òkè sì pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbé ọmọ pọ̀n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun lọ, láti ojúlé dé ojúlé, títí dé àwọn ilé òkè níbi tí ọ̀nà ti di òkúta. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní kànga ni mo kọ́kọ́ lọ bá. N kò bú Tántì, n kò sì sọ pé ó fún ọmọ ní ohunkóhun. Ohun tí mo sọ fún wọn kò ju pé kí wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ kòtò, kí wọ́n gbé e sún mọ́ ẹnu ọmọ wọn, kí wọ́n sì wo ohun tí ọmọ yóò ṣe. Mo jókòó lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọmọ mìíràn rẹ́rìn-ín sí ọwọ́ náà. Àwọn mìíràn ya ìka. Obìnrin kan wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà pinpin.

Wọ́n dẹ́kun pípe Tántì. Ẹnikẹ́ni kò bá a jà. Wọ́n kàn ń sọ fún un pé àwọn ti wẹ ọmọ tán, pé ìyá àwọn wà nílé, pé ara ọmọ kò yá. Ó ń gbé kànrìnkàn àti ọṣẹ rẹ̀ jáde láàárọ̀, ó ń gbé e padà wọlé. Láti ibi tí mo ti ń dáná ni mo ti ń wò ó. Mo gbádùn rẹ̀. Bí oúnjẹ ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tí ebi ti pa ló ṣe dùn mọ́ mi, ìyá mi nìkan ni mo sì sọ ọ́ fún.

Ìyá mi kò yìn mí. Nígbà tí mo lọ kí i ní Soclogbo, ó ní mo ti gba ọmọ mi là, mo ti gba àwọn ọmọ ẹlòmíràn là pẹ̀lú, oore ni, kí n wá jẹ́ kí ó tó. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó wò mí, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ti iṣu.

Tántì wá bá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ ọjà ni, ilé ṣófo. Ó gbé ìpara ọmọ àti aṣọ kékeré kan dání. Kò jókòó. Ó ní ọmọ tí òun ń tọ́jú ti pọ̀ jù nígbà náà, agbára òun ti ń dín, bí wọ́n bá sì ti sùn òun a lè sinmi. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọmọ, sódábì ni òun fi kún un. Ohùn rẹ̀ kéré. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, mo sì mọ ohun tó ń retí. Mo ní, “Mo gbọ́, Tántì.” N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì na ọwọ́ gba ohun tó gbé dání. Ó tún gbé e lọ.

Mo ti bí ọmọkùnrin kan báyìí. Kò tíì lè rìn, ṣùgbọ́n ó ti ń jókòó. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé e jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta níbi tí mo ti ń yí ẹ̀gẹ́ tí mo sá padà. Tántì ń bọ̀ láti oko, igi ìdáná wà lórí rẹ̀, ó sì ti darúgbó gan-an. Nígbà tó rí wa, ó dúró lókèèrè, kò sún mọ́ wa. Ọmọ mi yí ojú sí i, ó sì wò ó dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ara síwájú, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń ṣí wọn, ó ń pa wọ́n dé.

Kò sí ìyá kan lórí òkè yìí tí kò mọ ohun tí ọmọ ń sọ bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Tántì mọ̀ ọ́n. Ó gbé ojú wò mí, ó ń dúró de ohun tí n ó sọ.

Mo gbé ọmọ mi, mo yí i mọ́ èjìká mi, mo sì wọlé. Ọrùn rẹ̀ ṣì ń yí sẹ́yìn bí a ti ń lọ. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. N kò dá a lóhùn.